Ọkọ̀ Tí A Gbé Sókè: Iṣẹ́ Ọnà Ẹ̀bá Títì ní Okokomaiko

Ó ti mọ́ àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Yorùbá lára láti máa ṣe lámèyítọ́ oríkì, ìjálá, eré oníṣe àti ìtàn àròsọ. Bí ọ̀rọ̀ bá kan iṣẹ́ ọnà tí a fi ọwọ́ ṣe, a óò mẹ́nu ba ère gbígbẹ́, igbá fífín, aṣọ àdìrẹ àti ilẹ̀kẹ̀ sísín. Bí a bá ti ka ìwọ̀nyí tán, a óò rò pé a ti ka ohun gbogbo tán. Èrò mi nínú àròkọ yìí ni pé iṣẹ́ ọnà kan wà tí a ń fojú fò dá, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni à ń rí i lẹ́bàá títì. Iṣẹ́ náà ni àtúnṣe tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa ń ṣe sí ọkọ̀ jíìpù kí ó lè la kòtò, ẹrẹ̀ àti àgbàrá kọjá. Okokomaiko ni mo ti kíyè sí i, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gba ibẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ mi. Mo fẹ́ yẹ iṣẹ́ yìí wò gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń yẹ ewì wò: kí ni ó ń ṣe, báwo ni ó ṣe ń ṣe é, ta ni ó ń ṣe é fún, ta ni ó sì gbàgbé sẹ́yìn?

Fún àǹfààní ẹni tí kò mọ àdúgbò náà, ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ ni Okokomaiko wà, lórí òpópónà tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì. Bí a bá ń bọ̀ láti Mile 2, a óò kọjá Festac, a óò kọjá Trade Fair, a óò kọjá ibi tí àwọn èrò ọkọ̀ ń pè ní Volkswagen títí di òní, a óò sì dé Ìyànà-Ìbà, níbi tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, wà nítòsí, kí a tó kan Okokomaiko. Ọ̀nà yìí kò dúró síbẹ̀. Ó gba Àgbádárìgì dé Sẹ̀mẹ̀, ó wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ó gba Lọ́mẹ́ àti Accra lọ. Apá kan ni ó jẹ́ nínú òpópónà etíkun tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pinnu pé kí ó so Èkó pọ̀ mọ́ Dakar. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ Dakar yìí sọ́kàn. A óò padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà nìyí. Mẹkáníìkì a fi jáàkì gbé ọkọ̀ dúró, a sì tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀. A yọ súpìríìn tí ó bá ọkọ̀ náà wá láti òkè òkun, a fi èyí tí ó gùn tí ó sì le jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Bí agbára oníbàárà kò bá gbé súpìríìn tuntun, wẹ́dà a gé irin roboto, wọn a fi í lé orí súpìríìn àtijọ́ kí ara ọkọ̀ lè ga kúrò lórí táyà. Lẹ́yìn èyí ni táyà ńlá tí eyín rẹ̀ jìn yóò wọlé, nítorí pé eyín jíjìn ni ó ń di ẹrẹ̀ mú. Wẹ́dà a tún wá fi awo irin tí ó nípọn bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí òkúta má baà dá ọpọ́n ọ́ìlì lu. Ẹlòmíràn a sì ní kí wọ́n bá òun gbé imú ọkọ̀ òun sókè, èyí tí í ṣe ọ̀pá kan tí ó gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú gun òkè dé ìbú òrùlé, kí ẹ́ńjìnnì lè máa rí afẹ́fẹ́ mí nígbà tí omi bá mù ún dé àyà. Ọ̀rọ̀ imú yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́. Inú ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ ni pisitíìnì ń fún pọ̀. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún pọ̀. Bí omi bá gba imú wọlé, ọ̀pá tí ó ń ti pisitíìnì yóò tẹ̀ tàbí kí ó kán, ẹ́ńjìnnì náà yóò sì kú lójú ẹsẹ̀.

Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà mọ̀ pé ohun gbogbo ni ó ní ìwọ̀n. Ọkọ̀ tí ó bá ga jù kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ mọ́. Bí ó bá fi eré kọ kọ́nà, ó lè fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Táyà tí ó bá tóbi ju èyí tí ọkọ̀ bá wá máa ń sọ aago eré di òpùrọ́: aago lè máa wí pé 100 ni à ń sá nígbà tí a ti ń sá 110. Ọkọ̀ náà a máa mu epo púpọ̀ sí i, bíréèkì rẹ̀ kì í sì í tètè mú un dúró bíi ti àtijọ́. Nítorí náà, mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ a máa bèèrè ọ̀nà tí oníbàárà ń gbà kí ó tó bèèrè owó. Èyí gan-an ni mo fi gbà pé iṣẹ́ ọnà ni iṣẹ́ wọn. Bí akéwì ìbílẹ̀ ṣe ń wo ojú agbo kí ó tó la ẹnu, bẹ́ẹ̀ ni oníṣẹ́ yìí ń wo ojú ọ̀nà kí ó tó mú irin.

Ṣùgbọ́n níbo ni àṣà yìí ti wá? Àwọn kan yóò yára sọ pé àṣà òyìnbó ni. Wọn kò ṣìnà pátápátá. Ogun àgbáyé kejì ni ó bí jíìpù. Ní ọdún 1941 ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lọ́pọ̀ yanturu. Ní ọdún 1948 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé Land Rover jáde, àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Ní ọdún 1951 ni Toyota ti ilẹ̀ Japan náà ṣe èyí tí ó padà di Land Cruiser. Gbogbo wọn ni ẹ́ńjìnnì lè yí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn pa pọ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ kan bá rì, èyí tí ó kù yóò wọ́ ọ jáde. Ohun èlò ogun àti ti oko ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní Ọsirélíà àti ní Yúróòpù sọ wọ́n di ohun ìgbafẹ́. Wọ́n gbé ọkọ̀ sókè, wọ́n fi àgọ́ lé orí rẹ̀, wọ́n di omi àti epo sí ẹ̀yìn, wọ́n sì kọrí sí aginjù àti orí òkè ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọ̀nà tí kò dára ni wọ́n ń wá kiri. Bí wọ́n bá rí i, inú wọn a dùn. Bí ó bá sì di ọjọ́ Ajé, wọn a padà sórí ọ̀dà tí ó ń dán.

Ìgbafẹ́ yìí dé ilẹ̀ wa náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1978 ni ìdíje ọkọ̀ Paris sí Dakar kọ́kọ́ gbéra. Aṣálẹ̀ Algeria, Niger àti Mali ni àwọn olùdíje gbà kí wọ́n tó dé Senegal. Láti ìgbà náà, orúkọ ìlú Áfíríkà kan di orúkọ ìdánwò akọni fún gbogbo ayé. Ní ọdún 2008, wọ́n fagi lé ìdíje náà nítorí ìbẹ̀rù àwọn apániláyà ní Mauritania. Ní ọdún 2009, wọ́n gbé e lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà. Láti ọdún 2020, Saudi Arabia ni wọ́n ń gbé e ṣe. Síbẹ̀, Dakar ni wọ́n ṣì ń pè é. Ohun tí ó yẹ kí lámèyítọ́ kíyè sí nìyí: eré ìdárayá lè kó ẹrù rẹ̀ nígbà tí ọ̀nà bá le ju bí ó ṣe fẹ́ lọ, kí ó sì mú orúkọ ọ̀nà náà dání lọ. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà náà kò lè kó lọ. Ará Okokomaiko kò wá ọ̀nà tí kò dára. Ọ̀nà tí kò dára ni ó wá a dé ẹnu ilẹ̀kùn, ní ọjọ́ Ajé gan-an, nígbà tí ó ń lọ sí ibi iṣẹ́. Irin kan náà ni wọ́n fi lé súpìríìn méjèèjì, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ wọn kò dọ́gba.

Yàtọ̀ sí èyí, àtúnṣe ọkọ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ wa ju jíìpù lọ. Ẹ jẹ́ kí a rántí bọ́lẹ̀kájà. Láti òkè òkun ni egungun ọkọ̀ náà àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń wá, Bedford tàbí Austin. Káfíńtà wa ni ó ń fi pákó kan ara mọ́ ọn, tí ó ń to bẹ́ǹṣì sínú rẹ̀, tí akunlé ń kun iwájú orí rẹ̀, tí akọ̀wé ń kọ àdúrà, òwe àti ìkìlọ̀ sí i. Ọkọ̀ yìí ni ó ń wọ ìgbèríko lọ kó kòkó àti iṣu, tí ó ń kó ìyá ẹni àti ẹran ìyá ẹni pọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mólúè dé, egungun Mercedes-Benz 911 tí àwọn wẹ́dà Èkó ń fi páànù kan ilé lé lórí. Ní Ọ̀jọ́ níhìn-ín pàápàá, ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní ọdún 1975. Ọkọ̀ roboto wọn, Ìjàpá ni a ń pè é nílẹ̀ wa. Orúkọ náà bá a mu ju ti ìrísí lọ: ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú, kò nílò omi, ó ń rọra wọ inú oko, ó sì ń rọra jáde. Wọ́n tún to òmíràn tí àwọn ará Brazil ń pè ní Brasilia. Ní Nàìjíríà, Igala ni wọ́n sọ ọ́. Ohun yòówù kí àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ ní lọ́kàn, etí Yorùbá kò lè gbọ́ ọ kí ó má rí ẹran ẹlẹ́sẹ̀ fífẹ́ tí ń fò láàrin igbó. Ilé-iṣẹ́ náà kò bá wa kalẹ́, ṣùgbọ́n èdè ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀: ó ti fi ọkọ̀ àjèjì sáàárín àwọn ẹranko inú àlọ́ wa.

Bí a bá gbé jíìpù Okokomaiko ka iwájú àwọn baba rẹ̀ wọ̀nyí, a óò rí ohun tí ó jogún àti ohun tí ó sọnù. Ó jogún ọgbọ́n ọwọ́. Ó jogún ìgbàgbọ́ pé ohun tí a rà lọ́wọ́ àjèjì kò tíì parí títí ọwọ́ ará ilé yóò fi kàn án. Ṣùgbọ́n bọ́lẹ̀kájà sọ̀rọ̀. Iwájú orí rẹ̀ ń bá ẹni tí ń bọ̀ wí, ẹ̀yìn rẹ̀ ń bá ẹni tí ó tẹ̀ lé e ṣe àwàdà. Jíìpù kì í sọ nǹkan kan. Gíláàsì rẹ̀ dúdú, fèrèsé rẹ̀ pa dé, afẹ́fẹ́ tútù wà nínú rẹ̀. Bọ́lẹ̀kájà gbé ogójì ènìyàn lórí ọ̀nà burúkú kan náà. Jíìpù gbé ẹnì kan, bóyá àti awakọ̀ rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ ya oríṣi méjì sọ́tọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé iṣẹ́ lámèyítọ́ ni láti ya ojúlówó sọ́tọ̀ kúrò lára ayédèrú. Oríṣi kìn-ín-ní ni ti ẹni tí ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sókè nítorí pé ilé rẹ̀ wà nínú àdúgbò tí omi ń gbà ní oṣù Kẹfà. Oríṣi kejì ni ti ẹni tí ó rí ọkọ̀ àwọn olùdíje nínú fọ́tò, tí ó fi iná mẹ́fà lé orí òrùlé tí kò so mọ́ bátìrì, tí ó fi imú sí ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, imú tí kò dé inú ẹ́ńjìnnì. Mo ti rí irú imú bẹ́ẹ̀. Ìṣó mẹ́rin ni wọ́n fi kàn án mọ́ ara ọkọ̀. Yorùbá ní ìwà lẹwà. Imú tí kò mí kò ní ìwà imú. Ẹni tí ó bá gbára lé e wọ inú omi yóò mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ lásán kì í gba ènìyàn là. Àbùkù iṣẹ́ yìí rí bí àbùkù ewì tí ó kó òwe jọ láìní ohun tí ó fẹ́ fi wọ́n sọ.

Àbùkù oríṣi kìn-ín-ní, tí mo ti ń yìn, ni ó wá kù. Kì bá rọrùn fún mi láti rí i bí n kò bá ṣe é fún ara mi. Ní ọdún 2019, lẹ́yìn tí mo ti fọ́ ọpọ́n ọ́ìlì lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé jíìpù àlòkù tí mo ní lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Okokomaiko. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi ṣe é. Iṣẹ́ náà dára gan-an. Nígbà tí ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Dókítà, ẹ ò tún ní mọ̀ pé ọ̀nà ò dáa mọ́.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ka ọ̀rọ̀ náà sí ìyìn.

Ọ̀sẹ̀ kejì, òjò rọ̀ mọ́jú. Nítòsí Ìyànà-Ìbà, omi ti bo títì, àwọn ọkọ̀ kéékèèké ti kú sínú rẹ̀, àwọn ènìyàn tò sí etí gọ́tà, wọ́n fi bàtà sọ́wọ́. Mo fi gíà sí i, mo sì kọjá láìdúró. Ìdùnnú tí mo ní nígbà náà kò kéré. N kò ní purọ́. Nínú díńgí ni mo ti rí i tí omi tí mo yà sí méjì ga sókè, tí ó sì balẹ̀ lórí àwọn tí ó tò sí etí gọ́tà. Aago mẹ́jọ ni mo ní kíláàsì, àṣà mi sì ni pé n kì í gba ẹni tí ó bá pẹ́ wọlé. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú ogójì ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má bínú. Jíìpù kan ló da ẹrẹ̀ bò mí ní Ìyànà-Ìbà, mo padà lọ pààrọ̀ aṣọ ni.” Mo ní kí ó wọlé. N kò bèèrè irú jíìpù tí ó jẹ́. N kò sì lè sọ ohunkóhun nípa ewì tí a ń kà fún bí ìṣẹ́jú díẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì mi. Bí èmi kò bá mọ̀ mọ́ pé ọ̀nà kò dára, ta ni yóò sọ? Àwọn tí ó lè kọ ìwé sí ìjọba, tí wọ́n lè gba agbẹjọ́rò, tí káńsẹ́lọ̀ ń bẹ̀rù ẹnu wọn, àwọn náà gan-an ni ó lè san owó súpìríìn. Bí a ṣe gbé ọkọ̀ wa sókè kúrò nínú omi, bẹ́ẹ̀ ni a gbé ohùn wa kúrò láàrin àwọn tí ó wà nínú omi. Ohun kan náà ni a ti ṣe sí iná mànàmáná, tí olúkúlùkù fi ra jẹnẹrétọ̀. Ohun kan náà ni a ṣe sí omi ẹ̀rọ, tí olúkúlùkù fi gbẹ́ kànga. Láyé àwọn baba wa, ọ̀wẹ̀ ni a fi ń yẹ ọ̀nà: ọjọ́ a pé, olúkúlùkù a mú àdá, a ó sì ro ọ̀nà oko àti ọ̀nà odò pa pọ̀. Kò sí ẹni tí ó lè dá ọ̀nà tirẹ̀ yẹ̀ kí ó fi ti aládùúgbò sílẹ̀, nítorí pé ọ̀nà kan náà ni. Àdúrà wa pé kí a má rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, gbogbo ẹni tí ó ń rìn ni a ń ṣe é fún, kì í ṣe ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ga nìkan.

Mo mọ ohun tí wọn yóò fi dá mi lóhùn: kí ni kí ènìyàn ṣe nígbà tí àtúnṣe kò dé? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ní ọdún 2009 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ òpópónà yìí sí ọ̀nà mẹ́wàá, tí wọ́n sì fi ojú irin sí àárín rẹ̀. Okokomaiko ni wọ́n pinnu pé ọkọ̀ ojú irin náà yóò máa dé. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina, Mile 2 sì ni ìpele kìn-ín-ní yẹn parí sí. Ọmọ tí a bí ní ọdún 2009 ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kí ọkọ̀ tó gbé ẹnikẹ́ni. Láàrin ọdún mẹ́rìnlá wọ̀nyí, àwọn ará Okokomaiko gbọ́dọ̀ jáde nílé. N kò lè bá ẹni tí ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sókè wí. N kò tíì sọ tèmi kalẹ̀. Síbẹ̀, mo mọ èyí tí ó jẹ́ àrólé bọ́lẹ̀kájà láàrin jíìpù mi àti ọkọ̀ ojú irin tí a ń retí. Ọkọ̀ ojú irin ni, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni yóò gbé.

Ìdájọ́ mi nípa iṣẹ́ yìí nìyí. Ọwọ́ tí ó ṣe é mọ ọ̀nà, ó sì mọ ìwọ̀n. Ó yẹ kí a máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa nípa rẹ̀ bí a ṣe ń kọ́ wọn nípa ère àti àdìrẹ. Àbùkù rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mẹkáníìkì, kò sì sí lọ́wọ́ wẹ́dà. Ọ̀dọ̀ àwa oníbàárà ni ó wà, àwa tí a gba ìwòsàn fún ara wa tí a sì rò pé àrùn ti tán ní ìlú. Mo ti padà lọ bá mẹkáníìkì mi, mo sì sọ ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ náà fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní ìyàwó òun náà a máa dúró sí Ìyànà-Ìbà ní òwúrọ̀. Ó wá bèèrè bóyá mo fẹ́ kí òun rọ ọkọ̀ náà sílẹ̀. Mo ní rárá, òjò ṣì ń bọ̀. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, bí mo bá dé ibi tí omi wà, mo ń dúró, mo ń rọra wọ̀ ọ́, mo sì ń sọ gíláàsì kalẹ̀ kí n lè gbọ́ ohun tí àwọn tí ó dúró sí etí gọ́tà ń wí.